Ooru Inú Ilẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́

Ooru inú ilẹ̀ ni ooru tí ó ń ti ìsàlẹ̀ ayé wá, tí a lè fi mú ilé móoru, tí a lè fi mú un tutù, tí a sì lè fi pèsè iná mànàmáná. Larderello ní Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi tan gílóòbù ní 1904. Ní Áfíríkà, Kẹ́ńyà ló gba iwájú: Olkaria ti ń pèsè iná láti 1981.

Chena ní Alaska ni àpẹẹrẹ tó kéré tó sì pegedé. Omi ibẹ̀ kò gbóná ju bíi 74°C lọ, síbẹ̀ láti 2006 ni wọ́n ti ń fi pèsè iná. Òun náà ni wọ́n fi ń mú ilé móoru, tí wọ́n sì fi ń dáàbò bo ilé kan tí wọ́n fi yìnyín mọ, kó má baà yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi míì tó tutù nini wà nítòsí. Ìyàtọ̀ ooru àárín omi méjèèjì ló ń yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná. Ní Nàìjíríà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkògòsí ní Èkìtì kò ju bíi 38°C lọ: ó dáa fún ìwẹ̀, kò tó iná í pèsè.

Ti Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkó tí Ẹgbẹ́dá, Ìkòtún àti Ìgándò wà nínú rẹ̀, tún wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ń gbẹ́lẹ̀ lọ, ooru sábà máa ń fi bíi 25 sí 30°C lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Kí èèyàn tó kan ooru omi híhó ní Ẹgbẹ́dá, yóò gbẹ́ tó kìlómítà méjì àbọ̀. Iṣẹ́ awapo rọ̀bì nìyẹn, kì í ṣe ti agbẹ́kànga àdúgbò.

Ìtutù ló kù. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ ìta lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ amúlétutù tó ń da ooru rẹ̀ sínú ilẹ̀ lè dín owó iná kù. Ṣùgbọ́n níbi tí òtútù ti ń mú, wọ́n máa ń fa ooru náà jáde padà nígbà òtútù. Ta ló fẹ́ mú ilé móoru ní Ìkòtún? Ooru á kàn máa wọlẹ̀ ṣáá ni, ilẹ̀ á sì máa gbóná sí i lọ́dọọdún. Ààyè ńkọ́? Lórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, ilé, kànga àti sọ́kàwéè ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀.

Ìgándò ni ewu gbígbẹ́ ihò fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù sí. Omi ìdọ̀tí ń ṣàn wọlẹ̀ láti ààtàn Solous, ihò tí wọn kò bá sì fi sìmẹ́ńtì dí dáadáa lè di ọ̀nà tí yóò gbà dé inú omi tí aráàlú ń mu.

Láti Oṣù Kẹrin 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn tó ń rí iná jù, ti fò láti bíi náírà 68 sí 225 fún wákàtí kílówáàtì kan, ọ̀pọ̀ onílé ló ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ilé ìwòsàn ńlá tó nílẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù tó ń lo ilẹ̀ yìí yẹ̀ wò. Ní ti onílé kékeré, kó fi owó rẹ̀ ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, kó sì gbin igi sí ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń pa ògiri rẹ̀.