Ta Ni Àjàlá Tí A Ń Fi Orúkọ Rẹ̀ Pe Ara Wa?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò rìn jìnnà. Láti Láfẹ́nwá dé Ayétòrò ni mo lọ, mo sì padà ní ọjọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n mo rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ tèmi, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n gbéra kí n tó rí i.

Nígbà ìsinmi wa ni mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta. N kò ní ọkọ̀, n kò sì fẹ́ há sáàárín èrò. Mo tọ bàbá kan lọ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Láfẹ́nwá, ẹni tí ó ní alùpùpù mẹ́ta tí ó fi ń ṣe háyà. A dúnàádúrà, mo san owó ọjọ́ kan, mo bu epo sí i, mo sì dé akoto. Bí mo ti fẹ́ máa lọ, bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àjàlá, rọra o! Má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí o tó dé o.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni Àjàlá?”

Ó wò mí bí ẹni pé ọtí ń pa mí. “Alárìnkiri ni à ń pè bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ènìyàn kan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ni?”

Ọmọkùnrin tí ó ń fọ alùpùpù kejì gba ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ní rárá, inú orin ni wọ́n ti mú un. Bàbá ní òun rò pé ènìyàn ni, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ènìyàn tí ó káyé, a jẹ́ pé ọkọ̀ òfúrufú ni ó wọ̀.

Mo tan iná sí alùpùpù, mo sì kọ ẹ̀yìn sí Odò Ògùn. Ìhà yìí ni àwọn ọmọ ogun Dàhómì gbà wá bá àwọn Ẹ̀gbá jà ní 1851 àti ní 1864. Lónìí, ọmọ ilé-ìwé kan ṣoṣo ń gbà á kọjá láàárín oko ẹ̀gẹ́, ohun tí ó sì ń bẹ̀rù kò ju kí ṣéènì já lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àjàlá kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi dé Ayétòrò.

Ènìyàn ni Àjàlá. Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá ni. Ní 1952, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn tí ó lé ní 2,000 máìlì. Aṣọ ìbílẹ̀ wa ni ó wọ̀, kí àwọn ará ibẹ̀ lè mọ irú ènìyàn tí à ń jẹ́. Ní 1957, ó tún gbéra, Vespa ni ó gùn lọ́tẹ̀ yìí. Alùpùpù kékeré ti ilẹ̀ Ítálì ni Vespa. Ìgboro ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò ṣe é fún aṣálẹ̀. Bí ọdún mẹ́fà ni ó fi rìn, orílẹ̀-èdè 87 ni a sì máa ń kà sí i lọ́rùn. Ó bá Nehru ti Íńdíà sọ̀rọ̀, ó bá Nasser ti Íjíbítì sọ̀rọ̀, ó sì bá Golda Meir ti Ísírẹ́lì sọ̀rọ̀. Ní 1963, ìwé rẹ̀, An African Abroad, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1972, Ebenezer Obey, ọmọ Ẹ̀gbá, fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Láti ìgbà náà ni orúkọ ti di ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Ní 1999, Àjàlá kú ní Èkó. Nígbà náà, ẹni tí ó mọ orúkọ náà ti pọ̀ ju ẹni tí ó mọ olórúkọ lọ.

Irú èyí kò ṣàjèjì nínú èdè. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kadà, yẹ̀ wò. Ìlú kan ní ilẹ̀ Ẹdó ni Okada. Olóyè Gabriel Igbinedion fi orúkọ ìlú rẹ̀ yìí sọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, Okada Air, tí ó dá sílẹ̀ ní 1983. Àwọn èrò fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ sí alùpùpù tí ń sáré gbé ènìyàn láàárín mọ́tò. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, orúkọ náà kò kógbá sílé. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe báyìí bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ó ni í, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tí a kò sì mọ iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe mọ́, ìyẹn burú.

Kí ni ó fà á? Kì í ṣe pé a kò ní ibi tí à ń kọ ìtàn ìrìn-àjò sí. Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, èdè Yorùbá sì ni ó kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, ìrìn-àjò rọrùn. Nígbà tí ó di ìwọ̀n ọdún 1920 sí 1930, E. A. Akíntán ti Elétí Ọfẹ àti I. B. Thomas ti Akéde Èkó ń rìn káàkiri, wọ́n sì ń fi Yorùbá ròyìn ohun tí wọ́n rí fún àwọn ònkàwé wọn. Ẹni tí kò kúrò ní Èkó bá wọn rin ìrìn náà.

Ìwé Àjàlá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, n kò sì bá a wí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, àwọn òǹkàwé ibẹ̀ ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún. Orin ni ó gbé e wá sílé fún wa. Orin a máa gbé orúkọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìwé odidi.

Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn náà kò tíì tán. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, kí ó lè kó owó jọ fún ogun tí ẹgbẹ́ Rotary ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà. Gbogbo ayé gbọ́. Ǹjẹ́ nígbà tí ó bá di àádọ́ta ọdún sí i, kí ni bàbá onílé alùpùpù ní Láfẹ́nwá yóò mọ̀ nípa rẹ̀ ju orúkọ lọ?

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí mo dá alùpùpù padà. Mo jókòó lórí àga kékeré, mo sì ròyìn Àjàlá fún wọn bí mo ti ròyìn rẹ̀ fún yín yìí. Ọmọkùnrin náà gbé omi ìfọkọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi Vespa, bàbá pàtẹ́wọ́, ó ní, “Irú èyí tí à ń gùn yìí náà?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó tilẹ̀ kéré jù ú lọ.” Ọmọkùnrin náà bi mí pé níbo ni òun ti lè rí ìwé náà kà ní Yorùbá. N kò mọ ohun tí n ó sọ fún un.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ nípa èdè, agbádá àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Alùpùpù ṣe é háyà. Mo háyà rẹ̀, mo lò ó, mo sì dá a padà láìfarapa. Ṣùgbọ́n ẹnu tí a ó fi ròyìn ìrìn wa fún àwọn ará ilé, ẹ má jẹ́ kí a máa háyà rẹ̀. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa. Ọmọkùnrin kan ń dúró dè wá ní Láfẹ́nwá.