Ìtànṣán Tó Ń Wọ Orí Ọmọdé

Ní Èjìgbò, bí ọmọ bá já bọ́ láti orí ọ̀kadà tó sì ń bì, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ lẹ́rán. Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, kí wọ́n lè fi CT scan wo inú agbárí rẹ̀. Nígbà tó kan àbúrò mi, ìbéèrè kan ni ìyá wa bi ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, iná yìí kò ní ṣe ọmọ mi ní jàǹbá?” Ìtàn ló lè dá a lóhùn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Wilhelm Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, rí ìtànṣán tó ń gba inú ẹran ara kọjá tó sì ń fi egungun hàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé idà olójú méjì ni: ó jó àwọn tó ń lò ó láìṣọ́ra lára, jẹjẹrẹ sì pa àwọn mìíràn. Ní 1971, Godfrey Hounsfield fi CT scan wo orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní London. Ní 1979, òun àti Allan Cormack, ọmọ bíbí South Africa, jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye ìtànṣán tó wọ orí ọmọ? Wọn kò lè ki òṣùwọ̀n bọ ọpọlọ. Ike rìbìtì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 16 ni wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ orí. Wọ́n á wọn ìtànṣán inú rẹ̀, wọ́n á fi gígùn ibi tí wọ́n yà sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á tún fi iye tó bá ọjọ́ orí mu sọ ọ́ di púpọ̀: 0.0021 fún àgbàlagbà, 0.0067 fún ọmọ ọdún kan, 0.011 fún ọmọ tuntun. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá lo agbára kan náà, ti ọmọ tuntun fi díẹ̀ ju ìlọ́po márùn-ún ti àgbà lọ. Agbádá bàbá kò ṣeé wọ̀ fún ọmọ.

Ní 2012, ìwádìí kan láti Britain fi hàn pé bí ìtànṣán ṣe ń pọ̀ ni ewu jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ ń pọ̀. Síbẹ̀, ewu náà kéré: nínú 10,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí ẹnì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àìsàn náà lè fi kún láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú agbárí kì í dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má sá fún ẹ̀rọ náà bí dókítà bá ní ó pọn dandan. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè: ṣé wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù fún ọmọdé? Ṣé wọ́n kọ iye ìtànṣán náà sílẹ̀? Ìyá wa béèrè, wọ́n sì fi sùúrù dá a lóhùn. Àbúrò mi ti padà sí iléèwé.