Ẹja ni a kọ́kọ́ ń yàn, kí a tó yan okùn ìwọ̀



Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, bàbá mi mú mi lọ pẹja ní ọ̀sà Àjàṣẹ́. A ra okùn ìwọ̀ ní ọjà Ìgólò. Ìwé kékeré wà lára okùn náà, nọ́mbà sì wà lára ìwé náà. Nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Àrọ̀ ńlá kan gbé ìwọ̀ mi mì. Mo fà, ó fà. Okùn já, àrọ̀ gbé ìwọ̀ lọ. Mo sunkún. Bàbá mi ní: "Ọmọ mi, okùn ni o yàn, o kò yan ẹja."

Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀pá oparun ni àwọn baba wa ń lò. Okùn wọn jẹ́ òwú tàbí ìko. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ẹja kékeré, fọ́nrán díẹ̀ ni wọ́n ń lọ́ pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ẹja ńlá, wọ́n á lọ́ fọ́nrán púpọ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá ti ibi ẹja dé, wọ́n á sá okùn sí oòrùn, kí ó má baà rà.

Àwọn ará òkèèrè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1496, wọ́n tẹ ìwé kan nípa ìwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irun ìrù ẹṣin ni okùn wọn nígbà náà. Ìwé náà ní kí wọ́n lo irun 1 fún ẹja tó kéré jù. Fún sámọ́nù, tí í ṣe ẹja ńlá, irun 15 ni.

Ní Ṣáínà, ní nǹkan bí ọdún 1195, Ma Yuan ya àwòrán apẹja kan nínú ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí a ń ká okùn mọ́ wà lára ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹja ńlá bá fà, kẹ̀kẹ́ náà á tú okùn sílẹ̀ fún un, okùn kò ní já. Bí ó bá rẹ ẹja, apẹja á ká a bọ̀.

Àwọn òyìnbó kan tún ń fi ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ṣe ìdẹ tó jọ eṣinṣin. Ìdẹ yìí fúyẹ́, kò lè fa okùn lọ. Okùn tó wúwo ni ó ń gbé e lọ. Nítorí náà, wọ́n ń kọ nọ́mbà sára ọ̀pá àti sára okùn. Ọ̀pá nọ́mbà 5, okùn nọ́mbà 5. Kẹ̀kẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ lè gba okùn náà tán.

Ní ọdún 1935, ní Amẹ́ríkà, Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe náílọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, a fi òwú àti ìko sílẹ̀. Náílọ́ọ̀nù lágbára, kì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá já sínú omi á wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Á máa dè ẹja àti ẹyẹ. Ẹni tó yan okùn tí kò tọ́ pàdánù ẹja, ó sì ba omi jẹ́ fún aládùúgbò rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe yàn án? Ẹ ka ohun tí a kọ sára okùn. 0,20 tàbí 0,40 ni bí okùn ṣe nípọn tó ní mìlímítà. 0,40 nípọn ju 0,20 lọ. Kg ni ìwúwo tí okùn lè gbà kí ó tó já. Ẹ kọ́kọ́ ro ẹja tí ẹ fẹ́ pa, kí ẹ tó sanwó.

Èmi àti bàbá mi kò mọ nọ́mbà yẹn kà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kà báyìí. Ẹ kà á fún ọmọ yín.