Orúkọ Kan, Ilé Ẹ̀kọ́ Méjì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001 ni àjọ OECD, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Paris, gbé èsì ìdánwò PISA jáde. Àwọn ọmọ ọdún 15 ní orílẹ̀-èdè 32 ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 2000, ìwé kíkà sì ni ó gba iwájú nínú rẹ̀. Ariwo ńlá sọ ní Jámánì, ilẹ̀ Gutenberg tí ó fi ẹ̀rọ tẹ Bíbélì. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ wọn, nǹkan bí 23 ni kò dé ìpele kejì, èyí tí àjọ náà kà sí òdiwọ̀n tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ lè dé. Pólàǹdì, tí ó múlé tì wọ́n, kò sàn jù wọ́n lọ: nǹkan bí 23 náà ni tiwọn.

Kí a má ṣì í gbọ́: àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe púrúǹtù. Wọ́n lè ka gbólóhùn ketekete. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àyọkà tí ó gùn díẹ̀ ka iwájú wọn, tí a ní kí wọ́n sọ ohun tí òǹkọ̀wé ń wí gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń há.

Ní Jámánì nígbà náà, ní ìpínlẹ̀ tí ó pọ̀ jù, bí ọmọ bá ti pé ọdún 10 ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀: àwọn tí wọ́n ń retí ní yunifásítì lọ sí Gymnasium, àwọn agbedeméjì lọ sí Realschule, àwọn yòókù sì gba Hauptschule lọ. Ẹni tí ó bá rántí ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà tí a ní ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti ọdún 1955 yóò mọ ojú tí aráyé fi ń wo ọmọ Hauptschule. Ní Pólàǹdì, ọdún 15 ni ti wọn, lẹ́yìn ọdún 8 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn tí a wá tì sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó ju ìdajì lọ tí ìwé kíkà wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n kí èsì tó jáde ni Pólàǹdì ti tún ilé wọn tò. Ní ọdún 1999, nígbà tí Mirosław Handke jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, wọ́n dín alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù sí ọdún 6, wọ́n sì fi ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 3 lé e, èyí tí gbogbo ọmọ yóò jọ lọ títí di ọdún 16. Gimnazjum ni wọ́n pè é. Orúkọ kan náà ni pẹ̀lú ti Jámánì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ilẹ̀kùn fún àwọn àṣàyàn níhìn-ín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbo ọmọ ni lọ́hùn-ún. Máàkì Pólàǹdì gòkè láti 479 sí 497 ní ọdún 2003, ó sì di 518 ní ọdún 2012. Àwọn tí kò dé ìpele kejì dín kù sí nǹkan bí 11.

Jámánì náà kò káwọ́ gbera. Wọ́n gbé òdiwọ̀n ẹ̀kọ́ kalẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀, wọ́n náwó sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń wà títí di ìrọ̀lẹ́, tiwọn náà sì dín kù sí nǹkan bí 15. Gymnasium ni ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn. Ní oṣù Keje ọdún 2010, ìjọba Hamburg fẹ́ kí àwọn ọmọ jọ wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 dípò 4. Àwọn ará ìlú fi ìbò kọ̀ ọ́. Àdúgbò àwọn olówó ni wọ́n ti tú jáde jù láti dìbò, kò sì yà mí lẹ́nu.

Láti ọdún 2017 ni ìjọba mìíràn ní Pólàǹdì ti fòpin sí gimnazjum, tí wọ́n padà sí ọdún 8 àtijọ́. Nínú ìdánwò ọdún 2022, àwọn tí kò dé ìpele kejì ti tún di nǹkan bí 22 ní Pólàǹdì, 25 ó lé díẹ̀ ní Jámánì. Àrùn Kòrónà ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì pa fún ìgbà pípẹ́ ní ilẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Pólàǹdì tí wọ́n ṣe ìdánwò yìí ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ nínú PISA tí kò mọ inú gimnazjum rí.