Àkókò àti Owó ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àkókò ni apá kan nínú ìgbà tí a yà sọ́tọ̀ fún nǹkan: àkókò òjò, àkókò ìkórè, àkókò oúnjẹ. Ìgbà gbòòrò jù ú lọ. Ará Ọ̀yọ́ lè sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ nígbà Aláàfin Àtìbà, kó má sì ka ọdún kankan sí i. Inú èdè Lárúbáwá ni wákàtí àti sáà ti wá, àwọn Mùsùlùmí àti oníṣòwò ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Aago tí à ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, agogo ni gbòǹgbò rẹ̀, ohun tí a ń lù kí ará ìlú lè gbọ́. Owó ní tirẹ̀ ni ohun tí a fi ń wọn iye ọjà àti iye gbèsè, ì báà jẹ́ owó ẹyọ, ṣílè tàbí náírà. Àwọn kan ní ọ̀kan náà ni àkókò àti owó. Ìṣe àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láti ayé ìwọ̀fà títí di ayé ọ̀kadà ni àyọkà yìí fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Èdè wa kò fi gbogbo ẹnu gbà á. Àkókò a máa tó, a máa pé, a máa kọjá. A kì í ná an. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá jókòó tẹtẹrẹ láàárọ̀, a ní ó ń fi àkókò ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni òfò, òun ni òdìkejì èrè. Ọjọ́ tó tẹ̀lé Àìkú, Ajé là ń pè é, orúkọ kan náà tí a ń pe òrìṣà ọrọ̀.

Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé ará Philadelphia, ló sọ èrò pé owó ni àkókò di gbajúmọ̀ nínú ìmọ̀ràn tó kọ fún ọ̀dọ́ oníṣòwò ní 1748. Ìṣirò rẹ̀ ni pé ẹni tó lè pa ṣílè mẹ́wàá lóòjọ́, tó wá fi ààbọ̀ ọjọ́ ṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sísì péré ló ná sórí fàájì, ó ti da ṣílè márùn-ún nù mọ́ ọn. Ohun kan wà tí Franklin kò yẹ̀ wò: ó gbà pé ní gbogbo ìgbà ni ẹnì kan wà níta tó ṣetán láti fi owó ra ọjọ́ ọkùnrin náà. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ẹni tó bá nílò ọjọ́ ọmọnìkejì rẹ̀, ó ní láti yá a ni, tàbí kó bẹ̀ ẹ́, tàbí kó fi gbèsè dè é. Lójú tèmi, gbèsè gan-an ló ń sọ àkókò di owó.

Àáró ni ká kọ́kọ́ wò. Àwọn àgbẹ̀ mélòó kan tí oko wọn sún mọ́ra á para pọ̀, wọ́n á jọ kọ ebè ní oko ẹnì kìíní lónìí, wọ́n á bọ́ sí oko ẹnì kejì lọ́la. Ebè ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́, kì í ṣe wákàtí. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe tirẹ̀ jẹ gbogbo àwọn yòókù ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ náà ni yóò sì fi san án. Owó kò sí nínú àdéhùn. Ọ̀wẹ̀ tún yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ oko fún àna rẹ̀, á bẹ àwọn èèyàn lọ́wẹ̀, á sè, á pèsè ẹmu, kò sì sí ẹni tó ń fi èékánná ka ọjọ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ọ̀dọ̀ ìwọ̀fà ni ìṣirò ti le. Samuel Johnson, àlùfáà Áńgílíkà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ títí tó fi kú ní 1901, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ṣàtúntò, tó sì jáde ní 1921. Ọkùnrin tí ìnáwó òkú tàbí ti ìgbéyàwó bá ká mọ́, tàbí tó fẹ́ ra ọmọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ ogun, á lọ yáwó lọ́dọ̀ olówó. Láti ọjọ́ náà lọ, yóò máa fi òwúrọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún olówó, yóò sì wá lọ sí oko ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ yẹn kò bu ẹyọ kan kúrò nínú gbèsè. Èlé ni. Bó ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, owó tó yá ṣì wà ní odindi. Kì í ṣe ẹrú, ilé ara rẹ̀ ló ń sùn, ọmọ ìlú sì ni. Àmọ́ òwúrọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà, ọ̀dọ̀ olówó ló ń gbé, gbogbo ọjọ́ ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba amúnisìn gbógun ti àṣà yìí ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, bẹ́ẹ̀ owó orí tí ìjọba kan náà ń gbà wà lára ohun tó ń lé àwọn èèyàn lọ sẹ́nu ọ̀nà olówó.

Àkókò tún jẹ́ ohun ìjà fún ẹni tí a jẹ lówó. Johnson kọ̀wé nípa ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ dógò ti onígbèsè tó ti ya olórí kunkun. Yóò wọ ilé náà, yóò dùbúlẹ̀ sí ibi tó wù ú, yóò máa fi ariwo da ilé láàmú, adìẹ tó bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ti di ọbẹ̀. Kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí owó bá jáde. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn ní ọ̀rúndún ogún jogún ọgbọ́n yìí: Òṣómàáló tí a ń pè wọ́n, ẹni tó lóṣòó ni, tí kò ní dìde àfi bó bá gba owó rẹ̀.

Ọjà ló ń dá ọjọ́ fún irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àtijọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni: ti Ọbàtálá, ti Ifá, ti Ògún, àti Jàkúta tí í ṣe ọjọ́ Ṣàngó, èyí tí Ọ̀yọ́ kò lè fi ṣeré. Nínú kíkà, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń padà wá ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún, tí ti ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ fi ń jẹ́ ìsán, tí ìtàdógún sì fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó ra ọjà láwìn lónìí mọ̀ pé ó di ọrún.

Bóyá ọ̀kan náà ni àkókò àti owó, èsúsú ni mo rò pé ó dáhùn ìbéèrè náà dáadáa jù. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní 1952. Ní Trinidad, sou-sou ni wọ́n ń pè é títí dòní. Iye kan náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, iye kan náà ni kálukú sì ń kó nígbà tó bá kàn án. Ẹni tó kọ́kọ́ kó kò san ju ẹni tó kó kẹ́yìn lọ. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn obìnrin ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ léèrè bóyá ọ̀kan ni kíkó ṣáájú àti kíkó kẹ́yìn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, àkókò nìkan ni, kò sì sí ẹni tó fi iye lé e. Alájọ ní tirẹ̀ fi iye lé e gbangba: ó ń wá lójoojúmọ́, ó ń sàmì sí káàdì, tí oṣù bá sì parí, owó ọjọ́ kan ni yóò yọ fún iṣẹ́ rẹ̀. Oníbàárà ló ń sanwó kí owó ara rẹ̀ má bàa bọ́ sí òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ kí oṣù tó pé. Ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó tí a ń pè ní sógundógójì, òdìkejì rẹ̀ ni: oṣù díẹ̀ péré ni ogún fi ń di ogójì.

Ti aago kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1919 ni Nàìjíríà ti ń lo wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich. Oòrùn N'Djamena ní Chad ni aago wa ń bá rìn. Ní Ọ̀yọ́, tí aago bá lu méjìlá, ó kù bí ìṣẹ́jú 44 kí oòrùn tó dé àárín orí. Ẹni tí wọ́n bá bú pé ó pẹ́ dé òde ìnáwó lè kọ́kọ́ yọ ìyẹn kúrò.

Ọdún 2001 ni ìṣẹ́jú fúnra rẹ̀ di ọjà títà láàrin wa. Nígbà tí fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ₦50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá sì lo díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú san odindi. Àwọn obìnrin gbé àga àti agbòòrùn sétí títì, wọ́n ń tajú sí aago bí oníbàárà ti ń sọ̀rọ̀. Ìkíni wa tó gùn wá di ohun tí apá kò ká, fíláàṣì, ìpè tí a ń gé kí wọ́n tó gbé e, sì dóde. Ní 2003 ni ilé-iṣẹ́ fóònù Glo dé pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣẹ́jú ni ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ti àáyá yá jù tiwa lọ, ó sì dín owó kù.

Òdìkejì rẹ̀, níbi tí àkókò tó tán ti gbé owó lọ, ni ohun tó ti kọ́kọ́ dé bá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Gáná. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran, pàápàá ní Tamale àti àwọn ìlú apá àríwá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjà tó wà ní ìsọ̀ kò yí padà, ilé kò yí padà. Ọjọ́ ló ń dín, iye wọn sì ń já lulẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n ta ọjà ní gbàǹjo. Àwìn tí wọ́n ti tà fún àwọn oníbàárà, ta ni yóò dógò tì wọ́n nígbà tí ológò gan-an ti wà nínú ọkọ̀? Àkókò tó sọ gbèsè di owó fún wọn tẹ́lẹ̀, nígbà tó tán, owó náà tán.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà ni yunifásítì LAUTECH wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun sì jọ ni títí di 2020. Ọ̀rọ̀ owó tí kò wá déédéé láti ọ̀dọ̀ ìjọba méjèèjì mú kí iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 àti 2017. Owó tí ìjọba jẹ bẹ́ẹ̀ ṣeé san lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kò ní lè sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ mọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un.

Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà ọlọ́kadà. Dílífà ni wọ́n ń pe iye tó gbọ́dọ̀ gbé fún ẹni tó ni ọkọ̀ ní alaalẹ́. Èyí tó bá pa lé e ni tirẹ̀. Ẹni tó bá tètè jí, dílífà ló ń fi òwúrọ̀ rẹ̀ wá, bí ìwọ̀fà ti ń kọ ebè olówó kó tó kọ tirẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò jáde, dílífà ọjọ́ náà kò dín. Lọ́la, méjì ni yóò gbé lọ.