Ọ̀nà Ẹsẹ̀ láti Àgbádárìgì dé Ọ̀yọ́ Ilé

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, Hugh Clapperton gbéra láti Àgbádárìgì, létí òkun, ó ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, àìsàn ti pa Pearce àti Dókítà Morison nínú ẹgbẹ́ wọn. Àwọn yòókù gba Ṣakí, ní àríwá Ìgànná wa níbí, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Májọ̀tú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1826.

Agbára ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló gbé wọn débẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n rìn. Àwọn ọba ojú ọ̀nà ló ń yọ̀ǹda àyè fún wọn, tí wọ́n ń fún wọn ní ilé, oúnjẹ àti aláàárù. Àwọn àlejò náà a sì fi ẹ̀bùn kí ọba.

Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò tíì di ìtàn ní ibòmíràn. Lẹ́yìn tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìgbì òkun ṣọṣẹ́ ní Jàpáàn ní ọdún 2011, wọ́n ṣètò ọ̀nà ẹsẹ̀ Michinoku sí etíkun náà. Ó parí ní 2019, ó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Arìnrìn-àjò ń sùn ní àwọn ìlú tí omi bà jẹ́, owó ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Àwọn àgbà tó mọ ojú ọ̀nà àtijọ́ kò ní wà títí. Kí àwọn ìjọba Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ wá ààbò fún ọ̀nà yìí, kí wọ́n sì sàmì sí i. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín, kí ó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì kọ́kọ́ kí ọba.