Ìbọn ṣakabùlà tí bàbá àgbà fi sílẹ̀: Báwo lo ṣe lè mọ ọjọ́ orí àti iye rẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà àti Ghana, ìbọn ṣakabùlà kan wà lókè àjà tí ẹnikẹ́ni kò yìn mọ́.

Bí ẹni tó ni ín bá papòdà, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń jẹyọ: níbo ló ti wá, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é, èló ló sì tó?

Ìtàn ìdílé sábà máa ń sọ pé ó ti wà láti ayé òwò ẹrú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ara ìbọn náà ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù.

Orúkọ lè tan ni jẹ

Àwọn ará Denmark kọ́ ilé olódi Christiansborg sí Osu, nílùú Accra, ní 1661, wọ́n sì ta á fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Òwò wọn ní etíkun yìí ni orúkọ "Dane gun" ń rán wa létí.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn náà wá láti Birmingham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Belgium.

Joseph Inikori, onímọ̀ ìtàn ọmọ Nàìjíríà, ṣírò rẹ̀ ní 1977 pé láàrin 1750 sí 1807, ìbọn 283,000 sí 394,000 ló ń wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún.

Nítorí náà, bí tìrẹ bá jẹ́ ti ìgbà yẹn lóòótọ́, ìbéèrè tó nira tún wà níbẹ̀: kí ni wọ́n fi rà á?

Wo àmì ara ọ̀pá irin rẹ̀

Òfin 1813 ló dá ilé tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò sílẹ̀ ní Birmingham. Àmì rẹ̀ ni adé lókè ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn, pẹ̀lú lẹ́tà bíi BPC. Ìbọn tó bá ní lẹ́tà BPC nínú àmì yìí kò sábà ṣáájú 1813.

Ti Liège ni lẹ́tà ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin. Láti 1893 ni wọ́n ti fi adé kún un lókè.

Òkúta ìṣáná kò ní kó jẹ́ ti àtijọ́

Àdéhùn Brussels ti 1890 fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, àmọ́ ó fàyè gba ìbọn olókùúta ìṣáná.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe é fún ọjà wa nígbà tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti pa á tì tipẹ́.

Èyí tí kò bá ní àmì kankan lè jẹ́ iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa, bíi ti Awka nílẹ̀ Ìgbò. Má pè é ní ayédèrú.

Èló ló tó?

Àmì tó hàn ketekete, ẹ̀yà ara tí wọn kò pààrọ̀ àti ìtàn tó ṣeé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ló ń gbé owó rẹ̀ sókè. Má fi yanrìn há a, má sì kùn ún.

Kọ orúkọ ẹni tó rà á, ìlú tó ti rà á àti ohun tó fi ṣe sílẹ̀, kí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n tó lọ tán.

Má yìn ín wò: ẹ̀tù àtijọ́ lè ṣì wà nínú rẹ̀. Bákan náà, òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 béèrè ìwé àṣẹ fún ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu pẹ̀lú. Jíjogún rẹ̀ nìkan kò tó.